Ẹ Má Fi Sìmẹ́ǹtì Bo Ojú Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ labalábá ni mo gbé wá lóṣù yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ṣé ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù ti tán nílẹ̀ ni, àbí owó ilé ti lọ sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí odindi àgbàlagbà oníwèé-ìròyìn fi jókòó ti labalábá? Ẹ rẹ́rìn-ín yín tán ná. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àwọn ọmọ kan wà ní Alímọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí àwa àgbà ti pa tì, dípò kí á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, sìmẹ́ǹtì là ń pò dí wọn lọ́nà.

Ìhà Ìgàndó ni mo ti rí àwọn tí mo ń wí. Akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n, wọn kò ju mẹ́jọ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, bí ilé-ìwé bá ti parí, wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó múlé tì wọ́n lọ sídìí igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan lẹ́yìn ọgbà, nítòsí ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Kò sí tíṣà kankan láàrin wọn. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ ni olórí wọn. Á tẹ ẹ̀ka kan wálẹ̀, á ní, "Ẹ wo ewé yìí dáadáa. Kí lẹ rí?" Àwọn ọmọ á ní ìgbẹ́ ẹyẹ ni. "Ẹ tún un wò." Ìgbà tí ìgbẹ́ ẹyẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ni ariwo á ta!

Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n? Labalábá ńlá dúdú kan wà tó ní tótòtó yẹ́lò lára, tí kò sí ẹni tí kò rí i rí ní Èkó. Orí ewé ọsàn ló ń yé ẹyin sí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kòkòrò ajẹwé tó ń jáde láti inú ẹyin náà dúdú, ó sì funfun díẹ̀ láàrin, bí ìgbẹ́ ẹyẹ gẹ́lẹ́. Ẹyẹ tó bá rí i á gba ibòmíràn lọ, nítorí ta ni í jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀? Bó bá dàgbà sí i, á pa àwọ̀ dà, á di aláwọ̀ ewé, ọgbọ́n mìíràn sì nìyẹn. Bí ẹ bá fi igi tín-ín-rín tọ́ ọ lórí, á yọ ohun kan síta bí ìwo pupa rírọ̀ tó pín sí méjì, òórùn burúkú á sì gba ibẹ̀ kan. Àwọn ọmọ á fọn ká, wọ́n á tún padà wá. "Àǹtí, ṣé kò ní bù mí jẹ?" "Kì í bu ènìyàn jẹ. Ewé ló ń jẹ. Ẹ má pa á o, ẹ̀yin náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á." Lẹ́yìn èyí ni kòkòrò náà á so ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, á di àpò líle, á dákẹ́ síbẹ̀ títí yóò fi di ọjọ́ tí ìyẹ́ yóò jáde. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń kọ déètì gbogbo rẹ̀ sínú ìwé bí ẹni ń kọ gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí á kúrò níbẹ̀, kí á wá sí Ẹ̀gbẹ́dá. Ilé-ìwé aládàáni kan wà níbẹ̀, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ díẹ̀ kan ṣẹ́kù nínú ọgbà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ní koríko àti igi ọsàn kan. Nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, íńtálọ́ọ̀kì ti bo gbogbo rẹ̀ láti géètì dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́, igi ọsàn sì ti lọ. Mo bi ẹni tó ni ilé-ìwé léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní kòkòrò pọ̀ lára igi náà, àwọn òbí ń ráhùn. Mo ní, "Alàgbà, kòkòrò labalábá mà ni." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin oníwèé-ìròyìn yìí! Labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Dókítà ni àwọn òbí ń sanwó fún kí ọmọ wọn dà, wọn kò sanwó fún labalábá."

Òwe ló fi gbá mi lẹ́nu yẹn, mo sì fẹ́ dá òwe náà padà fún un. Ní oṣù October ọdún 2013, wọ́n rí àwọn labalábá kan ní etí òkun ní French Guiana, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Irú èyí tí Òyìnbó ń pè ní Painted Lady ni, kì í sì í gbé ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ yẹ ìyẹ̀fun òdòdó tó lẹ̀ mọ́ wọn lára wò, wọ́n rí i pé ti àwọn igi Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà níbẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2024, wọ́n ní ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín ni àwọn labalábá náà ti gbéra, tí wọ́n bá afẹ́fẹ́ fò kọjá òkun Àtìláńtíìkì, ó kéré tán 4,200 kìlómítà. Ẹyẹ wo ló wà nínú ọgbà alàgbà yìí tó ṣe irú rẹ̀ rí? Adìyẹ tó ń jẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀ ni àbí èwo?

Ó tún ní dókítà. Ó dára, ọ̀rọ̀ dókítà ló kàn. Láti ọdún 1956 ni dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tó sì ṣètò ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ohun tí gbogbo wa ń rí lójoojúmọ́ tí a kò kà sí ni òun náà rí: ẹ̀gbọ́n ń pọn àbúrò, ẹ̀gbọ́n ń bọ́ àbúrò, ohun tí ẹ̀gbọ́n bá sọ ni àbúrò ń gbà gbọ́. Nígbà tó di 1978, tí ayé ń múra sílẹ̀ fún Ọdún Àwọn Ọmọdé ti 1979, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Child-to-Child, ìyẹn Ọmọ-sí-Ọmọ. Ètò náà tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ ńlá lè kọ́ ọmọ kékeré ní ohun tí àgbà kò ní ráyè kọ́ ọ. Ẹ ò rí i báyìí? Ohun tí dókítà gidi wò nílẹ̀ Yorùbá tí wọ́n fi ń kọ́ ayé ni àwọn ọmọ Ìgàndó ń ṣe lábẹ́ igi ọsàn, òun ni ẹni tó ní ilé-ìwé wá ń pè ní eré!

Àwọn òbí kan á ní WAEC kò béèrè labalábá. Irọ́ ni jàre. Ẹ ṣí ìwé báyọ́lọ́jì ọmọ yín, ẹ máa bá bí kòkòrò ṣe ń ti inú ẹyin di nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tíṣà á yàwòrán rẹ̀ sí ojú pátákó, ọmọ á dà á kọ, á há a sórí, á gbàgbé rẹ̀ kí ó tó dé ilé. Ẹ̀yin náà á sì tún sanwó lẹ́sìnnì kí wọ́n lè wá há a sí i lórí lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ tó ti jókòó ti ẹ̀ka ọsàn fún oṣù kan kò nílò àháàsórí kankan. Kì í sì í ṣe pé ìmọ̀ yìí ṣàjèjì síhìn-ín. Láti 1957 ni Ibadan University Press ti ń tẹ ìwé àwòrán àwọn labalábá Nàìjíríà jáde, iṣẹ́ John Boorman àti Patrick Roche.

Igi ọsàn nìkan kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ wàrà, ẹ mọ bomubomu, tí àwọn obìnrin Fúlàní ń lo oje rẹ̀ kí wàrà lè dì. Ó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá títì àti lórí ilẹ̀ tí a kó yanrìn sí. Oró wà nínú oje funfun yẹn. Labalábá aláwọ̀ ọsàn pípọ́n kan wà tó jẹ́ pé ewé bomubomu wà lára oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Oró náà á dúró sí wọn lára títí wọ́n á fi di labalábá, ẹyẹ tó bá sì tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan kò ní fẹ́ ẹ mọ́. Ibi tó ti dùn nìyí: labalábá mìíràn wà tí kò ní oró kankan, ṣùgbọ́n tí abo rẹ̀ wọ irú aṣọ kan náà látòkè délẹ̀, kí ẹyẹ lè máa sá fún òun náà. Ayédèrú! Ọmọ Èkó tó bá mọ èyí ti mọ ohun púpọ̀ nípa ìlú tó ń gbé.

Labalábá olóró yìí ní ìbátan kan ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Fred Urquhart, ará Kánádà, fi wá ibi tí ìyẹn ń lọ nígbà òtútù. Kò dá a wá. Àwọn ènìyàn lásán ló bẹ̀, tí wọ́n ń bá a lẹ bébà kékeré mọ́ ìyẹ́ labalábá. Ní January 1975, méjì nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ yẹn ló rí wọn lórí òkè ní Mẹ́síkò, wọ́n bo igi bí aṣọ. Ní Bìrìtìkó náà, láti 2010, ará ìlú ń fi ìṣẹ́jú 15 ka labalábá lọ́dọọdún fún àwọn onímọ̀. Ọmọ Ìkọ̀tún kò ní ojú méjì ni?

Wọ́n á ní kí á kó àwọn ọmọ lọ sí Lekki. Mi ò bá wọn jà. Nigerian Conservation Foundation tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980 ṣe bẹbẹ; ọgbà wọn ní Lekki, láti 1990, tó hẹ́kítà 78, afárá orí igi ibẹ̀ sì gùn tó mítà 401. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Èkó, ẹ ṣírò ọ̀nà láti Ìkọ̀tún dé Lekki fún mi, ẹ ṣírò owó bọ́ọ̀sì fún ogójì ọmọ, kí ẹ tó fi ti ẹnu géètì kún un. Ìkànìyàn ọdún 2006 bá ènìyàn tó ju 1,200,000 lọ ní Alímọ̀ṣọ́. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ọmọ Ìgàndó tí afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn àkìtàn Solous wá bá yóò lọ sí Lekki kó tó dàgbà? Igi tó wà lẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ kò béèrè tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ ejò àti ẹ̀fọn, mo gbọ́ yẹn náà, kò sì burú kí ìyá ọmọ bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n fi igbó kìjikìji sílẹ̀? Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì méjì ni mo ń wí, tí àwọn ọmọ ń tọ́jú fúnra wọn. Ní ti ẹ̀fọn, inú omi tó dúró sójú kan ló ń pamọ sí, kì í ṣe inú òdòdó. Ilẹ̀ tí a ti fi sìmẹ́ǹtì dí kì í mu omi, gọ́tà tó kún fún ọ̀rá ni omi náà ń lọ dúró sí. Ẹni tó bá ń sá fún ẹ̀fọn, gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kó.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, kí ẹ tó ra íńtálọ́ọ̀kì tó kàn, ẹ yọ igun kan sílẹ̀. Ẹ fún àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ láti kọ́ àwọn àbúrò wọn, kí tíṣà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó máa wo wọ́n, kó má sì já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé yín, nítorí owó yín ni wọ́n fi ń ra sìmẹ́ǹtì náà.

Láti 2008 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ya July 14 sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. Ìgbàkígbà tí ọ̀gá ìjọba bá bá ètò yẹn dé Alímọ̀ṣọ́, kó mú ọsàn wẹ́wẹ́ mélòó kan dání, kó gbé ṣọ́bìrì lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ya fọ́tò tán, kó sì pàṣẹ fún àwọn tó ń tọ́jú ọgbà pé bí ewé igi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi oògùn apakòkòrò fín in.