Àìsàn Ròyíròyí: Pàṣán Kọ́ Ni Oògùn Rẹ̀

Ẹni tó bá ti ná Ọjà Àlàbá ní Ọ̀jọ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ yóò mọ bí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ṣe ń kánjú. Tẹlifíṣọ̀n ti wọlé, fìríìjì ti wọlé, oníkálukú ti ti àgádágodo rẹ̀, ó di ọ̀nà Ìyànà Ìbà tàbí Òkòkòmáìkò. Ọmọkùnrin kan tí mo mọ̀ níbẹ̀ kò lè lọ bẹ́ẹ̀. Yóò ti àgádágodo, yóò fà á wò, yóò rìn dé ẹ̀bá títì, yóò tún padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ó mọ̀ pé òun ti tì í o! Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń sọ fún un nínú ọkàn pé, "Tí o kò bá tì í ńkọ́?" Nílé, àlùwàlá ìrun kan ṣoṣo lè gbà á ní wákàtí kan.

Ọ̀gá rẹ̀ ní kò wúlò mọ́. Àwọn ẹbí ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Wọ́n mú un lọ síbì kan, wọ́n nà án ní pàṣán kí ẹ̀mí burúkú lè jáde. Ó dé tòun ti ojú egbò lẹ́yìn, ó sì ń fọ ojú egbò náà ní ogún ìgbà lóòjọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni pàṣán yẹn wò sàn?

Ohun tó ń ṣe é kì í ṣe wèrè. OCD ni àwọn dókítà ń pè é. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe ló mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò bọ́gbọ́n mu. Ìyẹn gan-an ló ń dùn wọ́n. Kò sì ṣàjèjì sí wa. Ó pẹ́ tí àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ti ń kìlọ̀ nípa ròyíròyí, tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lórí àlùwàlá pé kó má kà á sí, kó má tún un ṣe. Ní 1966, Victor Meyer ní ọsibítù Middlesex ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé nípa ìwòsàn tirẹ̀: kí aláìsàn dojú kọ ohun tó ń bẹ̀rù, kí a má sì jẹ́ kó ṣe àṣetúnṣe tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Ẹ ò rí i pé àlùfáà àti òyìnbó fẹnu kò síbì kan náà?

Bó ṣe máa rí fún ọmọ Àlàbá nìyí: kó ti àgádágodo lẹ́ẹ̀kan, kó wọ bọ́ọ̀sì, kó jókòó ti ẹ̀rù náà. Àyà rẹ̀ yóò já pì pì pì. Kó má padà. Bó bá ń ṣe é lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rù náà yóò máa rọlẹ̀. Oògùn náà wà tí dókítà lè fi kún un. Ẹbí tó sì ń bá a padà lọ wo àgádágodo kò ṣàánú rẹ̀ o, epo ló ń bù sínú iná.

Ṣùgbọ́n mi ò gbè sẹ́yìn dókítà nìkan. Ọmọ yìí dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan. Òyìnbó ni gbogbo ìbéèrè. Ó wá jẹ́ pé ọmọ tó ń fi Yorùbá bẹ̀rù ní láti wá òyìnbó tí yóò fi ṣàlàyé ẹ̀rù. Dókítà ní kó pa ọ̀rọ̀ ìrun tì ná. Ọmọ náà kò padà síbẹ̀ mọ́, mi ò sì bá a wí. Ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta tó fún ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ nínú àlùwàlá. Kí ló dé tí dókítà kò pe àlùfáà, kí wọ́n jọ fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n?

Ẹ má sọ pé kò ṣeé ṣe. Láti 1954 ni Thomas Adéoyè Lámbò ti ṣe irú rẹ̀ ní Arò, l'Abẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti bá a ṣiṣẹ́. Ayé gbọ́. Lámbò, tó kú ní 2004, padà di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé. Àwa tí nǹkan yìí ti ilé wa jáde, ibo la bá a dé? Ní 2019, àjọ Human Rights Watch ròyìn bí wọ́n ṣe ń de àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà, nínú ilé ìjọsìn, lọ́dọ̀ oníṣègùn, àní nínú ọsibítù ìjọba pàápàá. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023 ni wọ́n tó fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin dókítà, ẹ fi èdè aláìsàn bi í léèrè. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti àlùfáà, ẹ gbàdúrà, ẹ ju pàṣán sílẹ̀, kí ẹ sì mọ ọ̀nà ọsibítù Yábàá, tó ti wà láti 1907. Ẹ̀yin ọ̀gá ọjà, ẹ má lé ọmọ iṣẹ́ kí ẹ tó béèrè ohun tó ń ṣe é. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kò sì yẹ kí ọ̀nà kan ṣoṣo wọ ilé ìwòsàn.