Kọ̀ǹpútà Wo Ni Ká Fi Owó Ẹgbẹ́ Rà?

Ẹ̀yin ará SS2 àti SS3, ẹ ti gbọ́ pé owó tí ẹgbẹ́ oníròyìn wa ń kó jọ látọdún tó kọjá ti pé ₦600,000. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì la fẹ́ fi rà, torí èyí tó wà ní yàrá wa, tí ẹ bá tẹ lẹ́tà kan, ó máa ń rò ó wò ná kó tó gbé e jáde. Àwọn kan ní ká ra tuntun kan nínú páálí. Àwọn kan ní ká ra tòkunbọ̀ olówó pọ́ọ́kú mẹ́rin. Èmi ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ní Sátidé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wọ mọ́tò láti Ojúẹlẹ́gba lọ sí Ọ̀tígbà n'Íkẹjà, ibi tí gbogbo èèyàn ń pè ní Computer Village. Tuntun tí wọ́n fi hàn wá, ₦580,000. Tòkunbọ̀ Dell OptiPlex 9020 pẹ̀lú mọ́nítọ̀, ₦130,000. OptiPlex 3060, tòkunbọ̀ lòun náà, ₦260,000. Dúdú ni Dell méjèèjì, Core i5 ni wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ara méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣebí ọ̀kan náà ni? Kí ló dé tí èyí fi wọ́n tó méjì ìyẹn?"

Nọ́ńbà tó tẹ̀lé i5 ni ká wò. 4570 ló wà nínú ti àkọ́kọ́: ìran kẹrin, ti ọdún 2013. 8500 ló wà nínú èkejì: ìran kẹjọ, ti 2018. Ní ti Intel, látorí ìran kẹjọ ni Microsoft ti gbà kí Windows 11 ṣiṣẹ́. Windows 10 tí ìran kẹrin ń lò ńkọ́? Láti October 14, 2025 ni wọn ò ti fún un ní àtúnṣe ọ̀fẹ́ mọ́. Ẹ wá wo fúláàṣì tí a ń gbé kiri láti business centre kan sí òmíràn ní Yábàá. Kòkòrò tó ń bẹ nínú ẹ̀ ò lóǹkà! Lóòótọ́, èèyàn lè fi Linux sí i lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ta ló máa kọ́ wa?

Tíṣà wa kan ní ká ra ti ilẹ̀ wa, irú Zinox tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Ọ̀rọ̀ wọn wù mí, ṣùgbọ́n tuntun nìyẹn náà, owó tuntun ló máa gbà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa tuntun ni pé ẹyọ kan ṣoṣo ni. Láti 2015 ni gbogbo JAMB ti di orí kọ̀ǹpútà, ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò mọ kíbọ́ọ̀dù á kàn máa wá lẹ́tà kiri ni. Ṣé orí ìlà la ó ti máa kọ́ ọ? Tí a bá sì ra tuntun, ₦20,000 ló kù, kò lè ra UPS. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ò ní bátìrì. Tí NEPA bá mú iná lọ, ìròyìn tí ẹ ò tíì tọ́jú ti lọ nìyẹn.

Ohun tí mo ní ká ṣe ni pé ká ra ìran kẹjọ méjì, ₦520,000, ká fi ₦80,000 wá UPS kékeré kan. Mo mọ̀ pé tuntun ní gàráńtì, àti pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ fi ẹnu lásán ṣèlérí. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká rà á bí àwọn bàbá wa ṣe ń ra ẹ́ńjìnì ní Ládípọ̀. Wọn kì í wò ó bóyá ó ń dán, wọ́n á ní kí wọ́n tan án, wọ́n á gbọ́ ohùn ẹ̀. Ká tan tiwa náà fún wákàtí kan níbẹ̀, ká ṣí System wo nọ́ńbà, ká rí i pé SSD ló wà nínú ẹ̀.

Ìpàdé ẹgbẹ́ di Jímọ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé. Ẹni tó bá ti rí iye tó dín ju tèmi lọ, kó kọ nọ́ńbà processor rẹ̀ wá pẹ̀lú.