Ẹnjiníà Tí Kò Fi Ìwé Rẹ̀ Gbéra Ga



Ọ̀rọ̀ kan ló mú wa gbé kálàmù lóṣù yìí. Níbi ìpàdé tí àwọn aṣojú wa bá àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan ṣe, ọ̀gá kan là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó kàwé, tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, kò yẹ kó máa bá awakọ̀ àti alágbàṣe jókòó nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó ní ẹnjiníà kì í ṣe aláriwo. Èyí tó dùn wá jù ni pé àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tó ní ìwé-ẹ̀rí mi orí sí i.

Ìtàn ni a ó fi dá ọ̀gá náà lóhùn. Ta ni a kọ́kọ́ pè ní ẹnjiníà nílẹ̀ yìí, kí ló sì fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe?

Herbert Macaulay ni. Èkó ni wọ́n ti bí i ní November 14, 1864. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni bàbá ìyá rẹ̀. Bàbá tó bí i ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ l'Ékòó ní 1859. Ní 1881 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì iṣẹ́ òde ti ìjọba. Ní 1890 wọ́n rán an lọ sí Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń bójú tó ilẹ̀ wíwọ̀n àti iṣẹ́ omi ìlú náà. Ó padà dé ní 1893, wọ́n sì fi í ṣe awọnlẹ̀ ìjọba.

Ẹ̀yin ará, oúnjẹ rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ irú àwọn tó ń mi orí níwájú ọ̀gá ni, ì bá jókòó jẹ́ẹ́ kó máa gba owó oṣù rẹ̀. Ṣùgbọ́n láyé amúnisìn, bí aláwọ̀ dúdú ti wù kó mọṣẹ́ tó, owó àti ipò òyìnbó ló máa ń ga ju tirẹ̀ lọ. Ní 1897 àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìjọba l'Ékòó daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé gómìnà fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà. Ní 1898 Macaulay kọ̀wé fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó dá ṣẹ́ awọnlẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ rẹ̀ ti di ohun ìjà aráàlú. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ rélùwéè, ẹ gbọ́: ní 1908 òun ló tú àṣírí ìwà jẹgúdújẹrá tí àwọn òyìnbó ń hù lórí owó rélùwéè. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kí ará Èkó máa san owó omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń fà wá láti Ìjú, ó wà lára àwọn tó ta kò ó. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ omi ni, ẹnikẹ́ni kò lè fi èdè páìpù dẹ́rù bà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa tírélà lọ sí Àpápá, ilẹ̀ tí táyà yín ń tẹ̀ yẹn ní ìtàn. Ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, wọn kò sì fẹ́ san owó tó tọ́ fún un. Ní 1920 Macaulay tẹ̀lé Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, lọ sí London. Ní 1921 Privy Council, ilé-ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, dá wọn láre. £22,500 ni ìjọba san.

Kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjọba bínú sí Elékòó Èṣùgbàyí nítorí ohun tí Macaulay sọ ní London. Ní 1925 wọ́n lé ọba náà kúrò nílùú, 1931 ló tó padà. Macaulay pàápàá ṣẹ̀wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì: ní 1913 nítorí owó ogún tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, àti ní 1928 nítorí ọ̀rọ̀ tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde. A kò sọ pé áńgẹ́lì ni. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó dá sílẹ̀ ní 1923 pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó bá jókòó: ọ̀kan nínú wọn ni Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí kò mọ̀wé. Ẹnjiníà tó ti Plymouth dé kò sọ pé òun ju ẹlẹ́ja lọ.

Ní 1944 wọ́n dá NCNC sílẹ̀, ó di ààrẹ rẹ̀. Ní June 1945, nígbà tí ọjà ti gbówó lórí tí owó ọ̀yà sì dúró sójú kan, òṣìṣẹ́ tó ju 30,000 lọ daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ti rélùwéè tí Michael Imoudu ń darí sì wà níwájú. NCNC dúró tì wọ́n. Arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún ni Macaulay nígbà náà.

Ọdún tó tẹ̀lé e, ó tún bá àwọn aṣojú NCNC rìn káàkiri ilẹ̀ yìí láti ta ko òfin ìṣèlú Gómìnà Richards. Kano ni àìsàn ti gbé e dè. Wọ́n gbé e wá s'Ékòó, ó sì kú ní May 7, 1946. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó ránṣẹ́ sí àwọn tó kù lójú ọ̀nà pé kí wọ́n dúró fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí òun, kí wọ́n sì tẹ̀síwájú.

Ọjọ́ mẹ́rin ló ní ká dúró o! Kò ní ká dúró títí ayé. Ní 1979 wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sórí náírà kan, ní 1991 wọ́n sọ ọ́ di owó onírin. Lónìí, kí ni náírà kan lè rà? Bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un náà nìyẹn: wọ́n fi ojú rẹ̀ sórí owó tí kò ra nǹkan kan, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ panu mọ́.

Ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ̀yin fóómànù, ẹ̀yin akọ̀wé, a kò ní kí ẹ lọ sẹ́wọ̀n. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 sọ pé kí wọ́n yọ náírà 8 nínú 100 lára owó òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ fi 10 kún un. Ǹjẹ́ wọ́n ń fi ránṣẹ́? Ẹ̀yin lẹ mọ ìṣirò, ẹ bá awakọ̀ àti alágbàṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ̀rọ bá ti di ewu, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń mọ̀. Ẹ sọ ọ́ kó tó gé ọwọ́ ẹnìkan.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìpàdé ẹ̀ka wa ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹ wá!