Ọmọ Tí A Kò Kọ́ àti Gbọ̀ngàn Tí A Kọ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, gbogbo ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ fi Kàdúná ṣe ibùgbé, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè fi pa mọ́ sábẹ́ ahọ́n. A mọ̀ pé àwòrán aṣọ ẹbí, ọ̀rọ̀ ìkíni àwọn olóyè àti ìpolówó ọjà ni ó máa ń kún inú ìwé ìrántí ọdún. Ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, tara ẹni á bá ẹni dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ó ti di ọdún mélòó kan tí ẹgbẹ́ wa ti ń ṣe ètò ìsinmi fún àwọn ọmọdé nínú gbọ̀ngàn wa nígbà ọlidé gígùn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni. Láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, aago 9 àárọ̀ sí aago 1 ọ̀sán. Ní Ọjọ́ Ẹtì, aago 12 ni wọ́n ń ṣíwọ́ nítorí ìrun Jímọ̀. Àwọn tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn ìyá wa ni wọ́n ń bójú tó o. Lọ́dún yìí, ẹnì kan tí ó ń ṣe lẹ́sìnnì ọlidé, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní "sọ́mà", kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé òun fẹ́ háyà gbọ̀ngàn wa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn gan-an. Owó tí ó dárúkọ kì í ṣe kékeré. Nínú ìpàdé tí ó kọjá, àwọn kan tí a bọ̀wọ̀ fún dìde, wọ́n ní kí a gba owó náà, kí ètò àwọn ọmọdé sinmi ná. A kò tíì fẹnu ọ̀rọ̀ jóná. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí, òbí ni wá, ọmọ ẹgbẹ́ ni wá, a sì lòdì sí i.

Ẹ wo bí yóò ṣe rí bí a bá gbà. Àwọn bàbá wa dá owó kọ́ gbọ̀ngàn yìí. Ẹlòmíràn nínú wọn yọ ọ́ nínú owó oṣù rélùweè, ẹlòmíràn yọ ọ́ nínú èrè ọjà. Ọmọ ọmọ wọn yóò wá san owó lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé. Bí ó bá sì wọlé tán, wọn yóò ní kí ó má sọ Yorùbá, nítorí gbogbo wa mọ òfin irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní tiwa, a kò tilẹ̀ ní sùúrù kí ọmọ dàgbà kí ó tó tà á. Àwa fúnra wa la fẹ́ bá a gbé e lọ sọ́jà.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ní kí a gba owó náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ni ọmọ nílò, àlọ́ àti ìkíni kò lè mú ẹnikẹ́ni yege WAEC. Ẹ kọ́kọ́ bi wá léèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ ní sọ́mà. Ìwé kan náà tí ọmọ ti kà láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù keje ni, tàbí ìwé kíláàsì tí ó ń lọ, tí wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní bí ilé-ìwé bá wọlé. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, a yá a ni. Ìlú òyìnbó ni oòrùn ti ń mú ní oṣù kẹjọ. Ní Kàdúná níbí, oṣù kẹjọ ni òjò máa ń pọ̀ jù. Òjò ń pa ọmọ lọ, òjò ń pa á bọ̀, a ní ó lọ sí ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ó jù wá lọ ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kò gbẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì wà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn. Wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta péré kí wọ́n tó yí wọn sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ó fi Yorùbá kàwé dópin ni ó ṣe dáadáa jù, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Fáfúnwá yìí náà ni ó di Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà tí ó yá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ni ó ń sọ.

Ní ti ìṣirò ńkọ́? Ẹ ní kí ọmọ yín ka 45 ní Yorùbá. Kí ó tó lè sọ márùn-úndínláàádọ́ta, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àádọ́ta ni ọgọ́ta dín mẹ́wàá, kí ó tún yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó ń ka owó báyìí ń ṣe ìṣirò láìmú bírò. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó sídìí ayò: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá lè kà síwájú, kí ó sì rántí ohun tí ó wà nínú ihò ẹnìkejì, wọn yóò jẹ ẹ́ tán. Gbogbo èyí ni wọ́n ń ṣe nínú ètò tí àwọn kan ń pè ní eré ọmọdé.

Ẹ má sì ní ìjọba yóò bá wa ṣe é. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Àlàúsá, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi máa kọ́ni. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní ọdún 2018 láti dáàbò bo èdè Yorùbá, wọ́n kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin Èkó kò dé Kàdúná. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi, kò sí òfin kan tí ó fi ọwọ́ bà wá lórí. Haúsá ni àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ládùúgbò àti lọ́jà, ó sì dára, kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n má gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ń gbé ìlú ni ó yẹ kí ó gbọ́ èdè ìlú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbọ́ ní ilé-ìwé. Nígbà tí bàbá àti ìyá bá tún fi Gẹ̀ẹ́sì bá wọn wí nínú ilé, níbo ni ó kù tí wọn yóò ti gbọ́ Yorùbá? Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí a ń sọ yìí jẹ́ wákàtí 95 nínú odindi ọdún kan. Wákàtí 95 yẹn ni wọ́n ní kí a tà.

Àwọn mìíràn ń bèèrè pé kí ni a fẹ́ fi Yorùbá ṣe níbí. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ìjọba mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ wọ yunifásítì, tàbí tí ó ń wá iṣẹ́ ìjọba, wọn yóò bèèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kàdúná tí wọ́n ti bí i lè má fún un. Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun tàbí Kwara ni yóò lọ. Bí ó bá dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ níbẹ̀, Yorùbá ni wọn yóò fi kí i. Bí kò bá lè dáhùn, wọn yóò wò ó bí àlejò. Níbí, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ìlú. Níbẹ̀, wọn kò mọ̀ ọ́n. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dà bí àdán, kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ.

Ohun tí ó dùn wá jù kò sì sí nínú fáìlì kankan. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a kó àwọn ọmọ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìsìnkú. Ìyá àgbà kan jáde láti inú yàrá, ó di ọmọkùnrin wa mú léjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó ki bàbá, ó ki bàbá bàbá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ náà yíjú sí wa, ẹ̀rù ti bà á, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè ohun tí òun ṣe tí màmá yìí fi ń bá òun jà. Àwọn tí ó gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín. Ìyá náà bi wá pé, "Kí ni ọmọ mi wí?" A parọ́ fún un. A ní, "Ó ní ẹ ṣé gan-an ni, Màmá."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà wà ńbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí kan ń bẹ̀rù pé wọn yóò kọ́ ọmọ àwọn ní òrìṣà. Àwọn Kírísítẹ́nì kan ń bẹ̀rù bákan náà. Kò sí òrìṣà níbẹ̀. Bí a ti ń kí àgbà, bí a ti ń kàwé tí ó ní àmì ohùn lórí, òwe, àlọ́, ayò, bí a ti ń se ọ̀ọ̀lẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń kọ́. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí a kì í sọ síta. Láti ìgbà rògbòdìyàn ọdún 2000, odò Kàdúná ti di ààlà láàárín wa. Púpọ̀ nínú Mùsùlùmí wà ní apá àríwá, púpọ̀ nínú Kírísítẹ́nì wà ní apá gúúsù. Àwa àgbà ti jọ gbé pọ̀ rí ká tó pínyà, a mọ ara wa. Àwọn ọmọ wa kò mọ ara wọn. Nígbà ọlidé, àwọn kan lọ sí ilé-kéú, àwọn kan lọ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì, àwọn tó kù lọ sí sọ́mà àdúgbò wọn. Ibì kan ṣoṣo tí ọmọ Yorùbá láti Kawo àti ọmọ Yorùbá láti Sabon Tasha ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí wọ́n jọ ń gbe orin àlọ́, ni gbọ̀ngàn yìí. Àwọn ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa lónìí tí wọ́n ń gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí ara wọn nígbà Iléyá àti nígbà Kérésì. Àwọn ọmọ wọn ni ó mú wọn mọ ara wọn, níbi ètò yìí. Èló ni ẹni tí ó fẹ́ háyà gbọ̀ngàn yóò san fún ìyẹn?

A gbà pé ilé ń jò. A gbà pé páànù fẹ́ pààrọ̀. A sì gbà pé lọ́dún tí ó kọjá, àwọn ọmọ tí ó wá kò kún ìdajì gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n ta ni kò mú ọmọ wá? Púpọ̀ nínú àwọn tí ó dìde sọ̀rọ̀ nípàdé, sọ́mà ni ọmọ wọn wà. Àwa náà jẹ̀bi. Méjì nínú àwa tí a ń kọ ìwé yìí kò mú ọmọ wá, a ní ọ̀nà jìn, a ní òjò ń rọ̀. Ètò náà pàápàá ní àléébù: a kó ọmọ ọdún márùn-ún àti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá pọ̀ sójú kan, ti àgbà sú ọmọdé, ti ọmọdé sú àgbà, àwọn olóyè tí ó wá kí wọn sì ń sọ̀rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Àtúnṣe ni èyí ń fẹ́. A kì í torí pé orí ń fọ́ni kí á bẹ́ ẹ.

Nítorí náà, ohun tí a ń bèèrè kò ju mẹ́rin lọ. Èkíní, kí gbọ̀ngàn jẹ́ ti àwọn ọmọ láti aago 9 sí aago 1 fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún náà. Bí oníṣọ́mà bá fẹ́, kí ó gbà á láti aago 2 ọ̀sán, kí ó sì san owó rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta sì wà fún ìgbéyàwó bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Èkejì, kí a pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ háyà bọ́ọ̀sì méjì, ọ̀kan sí apá odò kọ̀ọ̀kan, kí àwọn òbí dá owó epo rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ mú ọmọ tàbí ọmọ ọmọ tirẹ̀ wá kí ó tó gba ti ẹlòmíràn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ti páànù, ẹ jẹ́ kí a dá owó rẹ̀ bí àwọn bàbá wa ti dá ti símẹ́ǹtì. Àwọn náà kò lówó jù wá lọ.

Bí ẹ bá dé ìpàdé tí ń bọ̀, tí wọ́n ní kí ẹ nawọ́, ẹ rántí ọmọ tí ó rò pé oríkì òun, ìjà ni. Páànù tí ó jò, a ó rí òmíràn rà. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè bàbá rẹ̀ kí ó tó gòkè àgbà, ọjà wo ni a ó ti ra òmíràn?

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a kọ́lé fún àjèjì. Àwọn ọmọ wa ni yóò jogún wa. Àṣẹ.