Ìdíje Ọjọ́ Díẹ̀ Kò Lè Tọ́ Eléré Ìdárayá

Ìjẹ̀bú-Òde ni Tóbi Àmùsàn ti wá, ṣùgbọ́n Yunifásítì Texas ní El Paso ló fún un ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ àti olùkọ́. Ní 2022, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 di obìnrin tó yára jù lọ lágbàáyé nínú eré 100 mítà tí wọ́n ti ń fo igi.

Ìbàdàn gbàlejò NUGA, ìdíje àwọn yunifásítì, fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1966. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka eré ìdárayá kì í jí àfi bí ìdíje bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Kí àwọn alákòóso yan olùkọ́ tó mọṣẹ́, kí wọ́n náwó sórí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ eléré lọ́dọọdún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Amẹ́ríkà ni yóò máa kórè ohun tí Nàìjíríà gbìn.