Ẹsẹ̀ Ni A Fi Ń Gbá Bọ́ọ̀lù, A Kì Í Fi Orúkọ Gbá A

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi òǹkàwé, okun o! Bí àwa ará Kábà, Ìyàrá, Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀ ti máa ń kí ara wa nìyẹn, òun náà ni gbogbo ayé sì fi ń pè wá ní Okun títí di òní. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi okun ṣe ìkíni. Bí okun bá tán nínú ara, kí ni ó kù? Ọ̀rọ̀ okun tí ń tán lára ènìyàn ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ojú pápá bọ́ọ̀lù ni n ó gbà wọ inú rẹ̀.

Ìjà ni ó fà á. A jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tí ń ta aṣọ lẹ́bàá ọjà Kábà, à ń sọ̀rọ̀ Super Eagles bí a ti máa ń sọ ọ́. Tíṣà kan tí ó wá san gbèsè aṣọ ni ó là á mọ́lẹ̀ pé, "Kí wọ́n kó gbogbo àwọn àgbà yẹn dànù! Ọmọdé ni kí wọ́n kó jọ." Ìyá aláṣọ gbé ojú sókè, ó ní, "Tíṣà, ọdún mélòó ni ẹ ti lò lẹ́nu iṣẹ́?" Tíṣà ní ó di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìyá ní, "Ó dára. Ṣé kí àwa òbí kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n kó ẹ̀yin náà dànù?" Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì bá kọjú sí mi: "Baba, ẹ dá a fún wa." Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ náà ti pé, ìdájọ́ mi nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ti Tíṣà lẹ́yìn, nítorí òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, nígbà tí olóògbé Stephen Keshi ń kó Super Eagles lọ sí Gúúsù Áfíríkà láti du Ife Ilẹ̀ Áfíríkà, kò mú àwọn gbajúmọ̀ bí Peter Odemwingie àti Obafemi Martins. Dípò bẹ́ẹ̀, ó kó àwọn ọmọ kan tí ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì wa nílé níhìn-ín mọ́ àwọn ti ìlú òyìnbó, àwọn ọmọ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn. Ariwo ta. Odemwingie fúnra rẹ̀ fi ìbínú hàn ní gbangba. Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé wọ̀nyí, Sunday Mba, ni ó gbá góòlù tí a fi lé Côte d'Ivoire padà sílé, 2 sí 1, ní 3 February. Òun kan náà ni ó tún gbá góòlù kan ṣoṣo tí a fi borí Burkina Faso ní Johannesburg ní 10 February. Ife tí a ti ń wá láti ọdún 1994 bọ́ sí wa lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ni Keshi wò, Mba ì bá máa wo eré náà nílé bí èmi àti ẹ̀yin.

Màmá, ẹ má tíì bínú. Ó kan ọ̀rọ̀ tiyín wàyí. Nínú ẹgbẹ́ ọdún 2013 kan náà, ta ni balógun? Joseph Yobo ni, àgbà agbábọ́ọ̀lù tí ó ti ń jẹ́ fún Nàìjíríà láti ọdún pípẹ́. Keshi rí i pé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ kékeré ti yá ju tirẹ̀ lọ, ó sì fi wọ́n sí ẹ̀yìn. Orí bẹ́ńṣì ni Yobo ti wo púpọ̀ nínú eré náà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní ọjọ́ àṣekágbá, nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, Keshi ní kí ó wọlé, òun ni ó sì gbé ife náà sókè. Àwọn kan ní àánú ni. Èmi ò gbà. Keshi mọ ohun tí ó ń ṣe, nítorí ohun tí ojú òun náà ti rí rí ni. Ní 1994, nígbà tí a gba ife yìí ní Tunis lọ́wọ́ Zambia, Keshi ni balógun, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ pápá ni ó jókòó sí nínú púpọ̀ eré náà, tí ó ń gba àwọn àbúrò níyànjú. Ẹni tí ó ti jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni ó mọ bí a ti ń fi ọ̀wọ̀ mú ẹlòmíràn jókòó.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tún wá le. Keshi parí ìjà pẹ̀lú Odemwingie, ó sì mú un lọ sí Ife Àgbáyé ní Brazil. Ní 21 June 2014, Odemwingie yẹn, ẹni ọdún 32, ni ó gbá góòlù kan ṣoṣo tí a fi borí Bosnia, ìgbà àkọ́kọ́ tí a borí nínú Ife Àgbáyé láti ọdún 1998. Keshi pe Yobo náà padà. Ṣùgbọ́n ní 30 June, nígbà tí a ń bá Faransé gbá a, ẹsẹ̀ Yobo ni bọ́ọ̀lù ti kọjá wọ ilé wa, góòlù kejì tí ó sé ilẹ̀kùn mọ́ wa. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan náà, ìdíje kan náà, àgbà méjì tí a pè padà: ọ̀kan gbé wa sókè, ìkejì ṣubú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òfin kan wà tí ó sọ pé kí a mú àgbà tàbí kí a fi í sílẹ̀. A ní láti wo ẹni náà, kí a wo ọjọ́ náà, kí a wo iṣẹ́ tí a fẹ́ rán an.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ rán an: níbẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Ní 1990, Roger Milla ti Cameroon ti di ẹni ọdún 38. Àwọn tí ó mú un lọ sí Ítálì kò ní kí ó fi gbogbo wákàtí kan àbọ̀ sáré. Nígbà tí eré bá ti wọ ara, tí àwọn ẹ̀yìn ọ̀tá bá ti rẹ̀, ni wọ́n ń tì í wọlé. Ó gbá góòlù 4, Cameroon sì di orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kù. Obìnrin náà kò gbẹ́yìn: Onome Ebi ti Super Falcons ti pé ẹni 40 ọdún ní 2023 nígbà tí wọ́n mú un lọ sí Ife Àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kẹfà rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹni tí ó bá kó kìkì ọmọdé jọ, ta ni yóò bá a mú nǹkan orí pẹpẹ? Ẹni tí ó bá sì kó kìkì àgbà jọ, ohun inú akèrègbè ńkọ́?

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dùn mí jù kì í ṣe ẹni tí a mú tàbí ẹni tí a fi sílẹ̀. Bí a ti ń sọ ọ́ fún un ni. Ní October 2015, ọ̀rọ̀ ta ni kí ó jẹ́ balógun dá gbọ́nmi-si-omi-ò-to sílẹ̀ láàárín aṣọ́lé wa Vincent Enyeama àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ìgbà náà, Sunday Oliseh. Láìpẹ́, Enyeama kéde pé òun kò gbá fún Nàìjíríà mọ́. N kò wá dá ẹjọ́ ẹni tí ó jẹ̀bi. Mo kàn mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kọ́ ni ó lé ọkùnrin yẹn lọ, ọ̀rọ̀ ni.

Mo mọ̀ ọ́n, nítorí èmi náà ti ṣe irú rẹ̀. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, mo wà nínú àwa mẹ́ta tí ń yan agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àdúgbò wa fún eré ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Ọ̀rẹ́ mi kan, bíríkìlà, ni ó ti ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wa láti ìgbà èwe wa. Ó ti lé ní ogójì ọdún, orúnkún rẹ̀ sì ti ń dùn ún. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, a fi ẹnu kò pé a kò ní mú un. Ta ni yóò lọ sọ fún un? Ẹnì kìíní ní ilé òun jìnnà. Ẹnì kejì ní àbúrò ìyàwó òun ni. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ ọ nígbà tí a bá ń ka orúkọ."

Ilẹ̀ mọ́. Ó dé pápá, ó ti fọ bàtà rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó mú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì lọ́wọ́ wá. A ka orúkọ mọ́kànlá. A ka ti àwọn márùn-ún tí yóò dúró. Ó ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀, bí ẹni pé ó kù kí a kà. Ọmọ rẹ̀ kékeré ni ó bi í pé, "Bàbá, tiyín ńkọ́?" Ó mú àwọn ọmọ náà, ó yí padà, ó lọ. A borí ní ọjọ́ náà, 2 sí 0. Ọmọ tí a fi rọ́pò rẹ̀ gbá a dáradára. Ìdájọ́ wa tọ̀nà, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni ọ̀rẹ́ mi kò fi ẹsẹ̀ kan ilé mi.

Ìgbà tí ìyá mi kú ni mo rí i. Ó wá pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ sàréè náà, kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí mo ń dúpẹ́, tí mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ó ní, "Yíyọ tí ẹ yọ mí kọ́ ni ó dùn mí. Èmi náà mọ orúnkún mi. Ẹ ti mọ̀ láti alẹ́, ẹ sì jẹ́ kí n fọ bàtà."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò létí mi. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń yan ènìyàn, ìbáà ṣe agbábọ́ọ̀lù, ìbáà ṣe ọmọṣẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù, ìbáà ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, mo bẹ̀ yín. Ẹ wo ẹsẹ̀ tòní, ẹ má wo orúkọ àná. Bí ẹ bá ti mọ̀, ẹ lọ bá ẹni náà nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù jẹ́ òjíṣẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ó lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ wá iṣẹ́ tí okun rẹ̀ ṣì ká fún un, nítorí bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ẹ̀yin àgbà náà, mo ní ọ̀rọ̀ tiyín. Rashidi Yekini, ọmọ Ira ní Kwara, aládùúgbò wa, gbá góòlù 37 fún Nàìjíríà. Òun ni ó gbá góòlù wa àkọ́kọ́ nínú Ife Àgbáyé ní 1994. Nígbà tí a tún mú un lọ sí Faransé ní 1998, kò rí góòlù kan gbá. Ṣé ìyẹn wá pa 37 rẹ́? Rárá. Ohun tí ènìyàn ti ṣe, ó ti ṣe é. Ẹni tí ó mọ èyí kò ní máa fi orúnkún tí ń dùn ún jà fún àyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yekini kú ní May 2012 ni ẹnu gbogbo wa ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí ìyìn rẹ̀. Ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ẹ jẹ́ kí a yí ìyẹn padà.

Tíṣà, òfin ìjọba àpapọ̀ tí a fi ọwọ́ sí ní 2022 sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ dé ọdún 65, tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tí ó ṣe é rí i pé ọgbọ́n wà nínú irun funfun. Ẹ má ṣe yára kó àgbà dànù, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ ni ẹ̀yin náà ń rìn. Màmá, ẹ̀yin náà, ẹ má ta aṣọ tí ó ti gbó ní iye aṣọ tuntun nítorí pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì jàre díẹ̀díẹ̀. Tíṣà, ẹ lọ san gbèsè aṣọ tó kù.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Okun o!