Ibi Tí Omi Ti Ta Kọ́ Ni Òfin Ń Wò
Ọ̀rọ̀ sí àwọn agbá-gọ́ọ̀fù Thomas Estate, Ajah

Ẹ̀yin ará Thomas Estate tí ẹ̀ ń di báàgì gọ́ọ̀fù sẹ́yìn ọkọ̀ láàárọ̀ Sátidé, tí ẹ̀ ń forí lé pápá gọ́ọ̀fù Lákọwé kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sangotedo tó gbérasọ, ẹ̀yin ni mo ní í bá wí. Ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín yín débi pé àgbà ń fi kọ́ ọmọdé: pé bí bọ́ọ̀lù bá kó sómi, ọ̀gangan ibi tí omi ti ta sókè ni kéèyàn lọ dúró sí létí adágún, kó ju òmíràn sílẹ̀, kó gba ìyà ṣọ́ọ̀tì kan, kó sì máa bá eré lọ. Irọ́ ni. Kò sí lójú ewé kankan nínú ìwé òfin.

Ohun tí Òfin 17 gọ́ọ̀fù ń béèrè ni ibi tí bọ́ọ̀lù ti ré etí àgbègbè ìyà (penalty area) kọjá kẹ́yìn. Etí yìí kì í sì í ṣe etí omi o. Èèkàn tàbí ìlà tí ìgbìmọ̀ pápá fi sílẹ̀ ló ń sọ ọ́. Bí olè bá fo ògiri wọ ọgbà yín, tó sáré kọjá ìdí máńgòrò, tó wá já sí kànga, ibi tó ti fo ògiri lẹ máa fi han ọlọ́pàá bí wọ́n bá bi yín pé níbo ló gbà wọlé. Ẹ ò ní fi ẹnu kànga hàn wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fojú wò ó. Adágún wà lápá òsì, èèkàn pupa yí i ká. Ẹ gbá bọ́ọ̀lù, ó tẹ̀ sósì, ó ré ìlà èèkàn kọjá ní 150 yáàdì, ó ṣì ń fò lókè omi, ó wá rì ní 190. Ẹni tó bá lọ dúró sí ọ̀gangan 190 ti fi 40 yáàdì ta ara rẹ̀ lọ́rẹ. Ìyà tó ní òun gbà, ó ti fọgbọ́n gbà á padà. Ohun tó tọ́ ni kó padà sí 150, kó wọn gígùn ọ̀pá méjì, ọ̀pá tó gùn jù nínú báàgì yàtọ̀ sí putter, kó sì ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láàárín rẹ̀ láìsúnmọ́ ihò ju ibi tí bọ́ọ̀lù ti wọlé lọ. Ìwọ̀n orúnkún ni yóò ti jù ú. Láti 2019 ni wọ́n ti fagi lé ti èjìká. Ẹni tó bá gbá a níbi tí kò tọ́, ṣọ́ọ̀tì méjì mìíràn ló ń dúró dè é.

Kádì tó ń gbé báàgì yín, tó mọ èyí dunjú, á kàn dákẹ́ ni. Ta ni yóò sọ fún ọ̀gá tó fẹ́ fún un lówó nírọ̀lẹ́ pé, “Ẹ padà sẹ́yìn 40 yáàdì, sà”?

Ti èèkàn yẹ́lò tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gígùn ọ̀pá méjì yẹn kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ lè padà síbi tí ẹ ti gbá a, tàbí kí ẹ fa ìlà láti inú ihò gba ibi tí bọ́ọ̀lù ti ré etí kọjá, kí ẹ máa fà á bọ̀ sẹ́yìn títí dé ibi tó bá wù yín. Àwọn kan á ní ipa ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù gbà fò ni ìlà náà. Ẹ dá wọn lóhùn pé ihò ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ má sì rò pé ìyà nìkan ni òfin fẹ́ fi jẹ yín. Nígbà mìíràn bọ́ọ̀lù á fo omi kọjá, á balẹ̀ létí gíríìnì lẹ́yìn èèkàn, á wá yí padà sínú adágún. Bó bá jẹ́ èèkàn pupa, etí apá gíríìnì ló ti wọlé kẹ́yìn, ibẹ̀ lẹ sì ti ń wọn ọ̀pá méjì yín. Mélòó nínú yín ló ti rin gbogbo ọ̀nà padà sódìkejì omi lásán, torí pé ìgbàgbọ́ èké mìíràn ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1744, nígbà tí àwọn agbá-gọ́ọ̀fù Leith ní Scotland kọ òfin 13 wọn àkọ́kọ́, wọ́n ní kí ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá kó sómi gbé e wá sẹ́yìn omi, kó sì fi ṣọ́ọ̀tì kan jìn fún alátakò rẹ̀. Ẹ̀yìn omi ni wọ́n wí. Òfin kò sì fojú fo ibi tí kò tọ́: ní ìdíje Masters ọdún 2013, ní ihò 15 ní Augusta, bọ́ọ̀lù Tiger Woods kọlu ọ̀pá àsíá, ó yí padà sómi. Ó yàn láti padà síbi tó ti gbá a, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó jù ú sílẹ̀ ní bíi yáàdì méjì sẹ́yìn ibi tó yẹ, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣọ́ọ̀tì méjì ni wọ́n fi kún èsì rẹ̀. Yáàdì méjì sẹ́yìn o, kì í ṣe 40 síwájú!

Ẹ ó ní, “Ta ló lè mọ ibi pàtó tó ti ré kọjá?” Òfin kò béèrè pàtó. Ó ní kí ẹ fojú díwọ̀n rẹ̀ tinútinú, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ rí. Bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìdíwọ̀n yín dúró, bí fídíò tilẹ̀ fi hàn lẹ́yìn náà pé ẹ ṣì í. Ẹni tí kò bójú wo bọ́ọ̀lù rẹ̀, tó ń ṣépè lé ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀, òun ni kò ní rí nǹkan kan díwọ̀n. Ẹ ó tún ní eré lásán lẹ wá ṣe. Kò burú. Ẹ má wá gbé èsì eré lásán náà fún akọ̀wé kí ó fi ṣírò àǹdìkáàpù yín.

Omi òjò ńkọ́? Àwa ará Ajah kì í ṣe àlejò rẹ̀. Èyí tó dà sórí fairway lẹ́yìn òjò, tí kò sí láàárín èèkàn, kò ní ìyà kankan: ẹ wá ibi tó súnmọ́ jù tí omi kò ti dí yín lọ́wọ́, ẹ wọn gígùn ọ̀pá kan, ẹ jù ú sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ gọ́tà ìṣànmi inú pápá jẹ́ àgbègbè ìyà, bó tilẹ̀ gbẹ táútáú. Bí kò bá sì ní àmì àwọ̀ kankan, pupa ni kí ẹ kà á sí.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì rí i pé bọ́ọ̀lù wọ omi, ó gbọ́dọ̀ dájú, tàbí kó súnmọ́ ìdájú tó ìdá 95 nínú 100, pé inú àgbègbè ìyà ló wà. Bí koríko gíga bá wà lẹ́yìn èèkàn tó lè fara pamọ́ sí, tí ẹ wá a fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹ ò rí i, bọ́ọ̀lù ti sọnù nìyẹn. Kò sí pupa, kò sí yẹ́lò. Ibi tí ẹ ti gbá a kẹ́yìn lẹ ń padà lọ, pẹ̀lú ìyà ṣọ́ọ̀tì kan, bí oòrùn Lákọwé tilẹ̀ ń jó yín lórí.